Ọjọ́ Mẹ́rin Lábẹ́ Òkúta

Aisha mu gààrí lọ́sàn-án Àlàmísì, ó jáde lọ ṣeré. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òòyì ń kọ́ òun, ó kú. Ọmọ ọdún márùn-ún tí kò ṣàìsàn rí!

Ní Ìgbògbò, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó lórúkọ. Iléeṣẹ́ ti dá Kàmọ́rù, bàbá ọmọ, dúró. Àtìgbà náà ló ti ń jókòó sẹ́yìnkùlé bí ẹni tí wọ́n gbé ahọ́n rẹ̀ lọ. Adìyẹ mẹ́ta tún kú lọ́sẹ̀ kan náà. Ta ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ẹ̀pẹ́ wá bá wọn gbé? Màmá Mùlíkátù, ìyá Kàmọ́rù.

"Adìyẹ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá kan ọmọ." Fọláwùmí, ayálégbé ẹ̀gbẹ́ wọn, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nídìí kànga, ó mọ̀ọ́mọ̀ gbóhùn sókè. "Àgbà tó ń jẹun kẹ́yìn nínú ilé tí kò sóúnjẹ, kí ló ń jẹ tó fi lókun tó báyìí?"

Mùnírátù, ìyàwó Kàmọ́rù, kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ìbráhìm sílẹ̀ fún mi. Òun nìkan lọmọ tó kù."

"Èmi, Mùnírátù?"

"N ò dárúkọ ẹnì kankan, mà."

Kàmọ́rù gbọ́. Kò gbórí sókè. Ìyẹn ló dun Màmá jù.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Màmá bá Mùnírátù níbi tó ti ń gbé òkúta kúrò lórí àpò gbágùúdá.

"Ìgbà wo lo rin èyí?"

"Àná ni, mà. Bí mo ṣe ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn. Ebi ò lè dúró de ọjọ́ mẹ́rin."

Ogójì ọdún ni Màmá fi yan gààrí l'Ẹ̀pẹ́. Ó tọ́ gbágùúdá náà wò: ó korò bí ewúro. Ó wo ìyẹ́ adìyẹ tó wà nílẹ̀, níbi tí omi àpò ti ń kán sí. Oró gbágùúdá tí kò tíì kan ló pa adìyẹ, òun náà ló pa ọmọ.

Bó bá sọ ọ́, ìyá yóò mọ ọwọ́ tó fi bọ́ ọmọ rẹ̀ pa; kànga tó lè bẹ́ sí ò sì jìnnà. Bó bá dákẹ́, Ìbráhìm yóò jẹ ẹ́. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Mùnírátù yan ìdajì. Lọ́sàn-án, Ìbráhìm gbé ife gààrí sẹ́nu. Màmá gbá a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé odindi abọ́ gààrí, ó dà á sí gọ́tà.

"Ó ti jáde o!" Fọláwùmí figbe ta. "Ẹ wá wò ó!"

Kàmọ́rù dìde. "Màámi! Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan!"

Màmá tún ìró rẹ̀ ró.

"Èmi ni," ó wí. "Mò ń padà s'Ẹ̀pẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: gààrí tí kò bá lo ọjọ́ mẹ́rin lábẹ́ òkúta, inú rẹ̀ ni mò ń gbà wọlé. Bó bá kan dáadáa, n ò lè sún mọ́ ọn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kánjú, mo ti dé nìyẹn."

Mùnírátù tutọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́ márùn-ún ló máa lò!"

Fọláwùmí sáré gbé àwo ẹ̀wà wá fún Ìbráhìm, kó má baà jẹ oúnjẹ àjẹ́.

Kò sẹ́ni tó sin Màmá dé ibi ọkọ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́yìnkùlé, ó rí Mùnírátù tó ń gbé òkúta kejì lé orí àpò tó kù. Ìbráhìm juwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà wálẹ̀.

Màmá ò juwọ́ padà. Òkúta yẹn ló ń wò.