Abọ́ Àṣàbí Ṣáájú Rẹ̀ Relé Ọkọ

“Ohunkóhun tó bá gba ọwọ́ èmi Mùtíù kọjá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló ń balẹ̀ sí! Bí abẹ́rẹ́ kan bá sọnù níbẹ̀, ẹ wá fá orí mi láìfi omi sí i!”

Iwájú Post Office, n'Ílọrin, ni Mùtíù ti ń pariwo yìí lórí bẹ́ǹṣì. Rédíò ló ń tún ṣe ní Adéwọlé, òun ló sì ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ìgbìmọ̀ Alhaji Bẹ̀llò fi ń tọrọ ẹrù fún àwọn tí Odò Asà ya wọ ilé wọn lọ́dún 1991 yẹn.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láàárín mọ́tò, ó to abọ́ tánganran lérí ara wọn lórí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, kò sì fọwọ́ dì í mú. Ọrùn gígùn, ojú dúdú bíi kóró iṣin. Mùtíù gbàgbé pé màìkì wà lẹ́nu òun.

“Haa!”

Gbogbo Post Office gbọ́.

“Ṣé èmi lẹ ń hàá sí, bọ̀dá?”

“Abọ́ ni, àǹtí. Abọ́ yẹn ló rẹwà.”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà náà, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ lọ.”

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni. Àtìgbà tó ti ń rá ni ìyá rẹ̀ ti ń rà á jọ, kí wọ́n lè tò ó kan àjà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń ṣe n'Ílọrin.

“Ìyá mi ní ọmọ tí kò ní abọ́ kò ní í rọ́kọ fẹ́. Àmọ́ àwọn tí omi lé wá sùn ní kíláàsì ilé ìwé yẹn ò ní ohun tí wọ́n á fi bomi mu. Ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, àbí kí n kúkú rù ú lọ fúnra mi?”

Mùtíù dojú abọ́ kan dé. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀.

“Àṣàbí, wàláhì, bí kò bá dé, má gbà mí gbọ́ mọ́ láyé.”

Ìfẹ́ wọn gbóná. Mùtíù á gbé súyà wá, Àṣàbí á ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, á sì jẹ ẹ́ tán. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò gbà.

“Ta ni yóò fẹ́ ọmọ tí kò ní abọ́?”

“Èmi ni, ìyá.”

“Ìwọ tó o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Panu mọ́!”

Kò pẹ́ ni Alhaji Bẹ̀llò ń fa ọmọ tirẹ̀ fọ́kọ. Mùtíù yá agbádá wọ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, Àṣàbí àti ìyá rẹ̀ náà lọ. Wọ́n so yìgì tán, àwọn obìnrin wọ yàrá ìyàwó lọ wo abọ́. Ó kan àjà! Àṣàbí rí òdòdó kan tó mọ̀ létí ọ̀kan. Ó dojú rẹ̀ dé: Àṣàbí. Ó dojú òmíràn dé: Àṣàbí.

Ó jáde tọ Mùtíù. Kò tiẹ̀ pariwo.

“Abọ́ mi ti rílé ọkọ, bọ̀dá. Ẹ má pe orúkọ mi mọ́.”

Mùtíù já màìkì gbà lẹ́nu olórin. “Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ ń fi àtẹ́lẹwọ́ mumi, alága tí ilé rẹ̀ gbẹ ń fi abọ́ onítọ̀hún ṣe ọ̀ṣọ́!”

“Rọra, ọmọ mi,” Alhaji Bẹ̀llò ní, “a kàn ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni.”

“Nínú yàrá ìyàwó?”

Ìyá Àṣàbí ti tún ìró rẹ̀ ró. “Bẹ̀llò! Èmi tí mo ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni, ṣé ọmọ tìrẹ ni mo ń rà á dè láti ọjọ́ yìí wá?” Ó gbé ìpele kan karí. Àṣàbí gbé, Mùtíù gbé. Ta ló fẹ́ dí wọn lọ́nà? Ìyá tó ń bínú, tánganran tún wà lórí rẹ̀!

Nínú oòrùn ọ̀sán ni wọ́n rù ú dé ilé ìwé náà. Mùtíù sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú Ìyá Àṣàbí.

“Ìyá, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Ó ti dé wàyí. Ẹ fún mi lọ́mọ yín, láìlábọ́.”

“Ẹ dìde, olówó orí mi,” ni Àṣàbí wí. “Agbádá tẹ́ ẹ yá nìyẹn.”

Ìyá rẹ̀ fi etí ìró nu ojú. “Ẹ máa fẹ́ra yín. Àánú tó ṣe yìí ni ẹrù ìyàwó rẹ̀.” Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan sunkún.

Bàbá àgbàlagbà kan lórí ẹní mú abọ́ kan, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

“Ẹ ṣeun o,” ó ní. “Kí la fẹ́ bù sí i?”