Ẹnì Kan Ló Rán Mi

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní àlọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló mọ̀. Ṣùgbọ́n kó má lọ pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀, lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ojú wọn ló ṣẹlẹ̀. Èyí tí wọn kò rí níbẹ̀, Ràbíátù rí i, ẹnu Ràbíátù náà la sì ti gbọ́ ọ.

Ràbíátù ń ta kẹrosíìnì. Ìsẹ́yìn làwọn òbí rẹ̀ ti wá, Àkànó ọkọ rẹ̀ sì ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Dúrọ́ọ̀mù kan, àrọ kan, àti àwọn ìgò bíà tó fi ń wọn ọjà, gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Lábẹ́ òrùlé kan náà ni Onome aránṣọ ti ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀ ń pariwo lókè orí rẹ̀. Ní òdìkejì títì, ojúkojú pẹ̀lú wọn, ni ṣọ́ọ̀bù Ìyàndá wà.

Dókítà Ìyàndá ni wọ́n ń pè é. Dókítà ta ni! Ó fọ ìgò fúngbà díẹ̀ nílé ìwòsàn kan, wọ́n lé e, ó ra kóòtù funfun, ó di dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ń ro kì í bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ilé ìwòsàn jìnnà, ìlà ibẹ̀ gùn, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ a sì máa jágbe mọ́ èèyàn. Ìyàndá ní tirẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín síni. Orí fífọ́, inú rírun, ikọ́, ibà, ara yíyún, oorun tí kò kun èèyàn, kò sí èyí tí kò ní oògùn rẹ̀.

Nǹkan kan wà nípa ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn níbẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tó bá wá, ẹlòmíràn ni nǹkan ń ṣe. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ta á ní ọ̀rẹ́ òun kan ni. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ á ní ará ilé òun ni. “Ẹnì kan ló rán mi,” bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìtìjú ló ń ṣe àwọn kan. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn tó kù: wọn ò fẹ́ fẹnu ara wọn pe àìsàn wọlé. Ìyàndá náà kì í bèèrè ẹni tó rán wọn. Kì í bèèrè bóyá ọmọdé ni àbí àgbà. Á ká oògùn sínú pépà, á nawọ́ ẹ̀ síni, ó parí.

Báyìí ni Ràbíátù ṣe lọ síbẹ̀ nígbà tí ara Tinú gbóná.

Tinú nìkan ni ọmọ tó dúró fún un. Ọmọ náà ń wúkọ́, ikọ́ rẹ̀ sì ní bó ṣe ń rí: méjì kíákíá, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan tó gùn, tó dà bíi pé ó ń bèèrè nǹkan.

“Ẹ kú ọjà o, Dókítà,” Ràbíátù wí. “Ẹnì kan ló rán mi. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná, ó sì ń wúkọ́.”

“Kápúsù ni,” Ìyàndá wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Kápúsù náà, ìdajì rẹ̀ pupa, ìdajì rẹ̀ yẹ́lò. Ràbíátù fún ọmọ lò bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Kò fo ẹyọ kan. Àkànó ní kí àwọn gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ràbíátù ní kó fara balẹ̀, pé oògùn wà nílé, oògùn á ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò lè gbàgbé. Tinú kú lọ́sàn-án gangan, lórí ẹní, kápúsù kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì gbé mì.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ràbíátù rí èyí tó ṣẹ́kù nínú pépà. Kò mọ ohun tó sún un. Ó ṣí ọ̀kan. Ó da ohun inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó kán omi sí i, ó tọ́ ọ wò.

Láfún ni.

Ó ṣí òmíràn. Láfún ni.

Ó kọjá títì. Onome dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Àwọn oníbàárà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yà fún un.

“Dókítà, láfún lẹ fún ọmọ mi.”

“Ọmọ ta ni?”

“Tinú.”

Ìyàndá rẹ́rìn-ín. “Ṣé ìwọ lo sọ fún mi pé ọmọ ẹ ni? O ní ẹnì kan ló rán ẹ. Àbí irọ́ lo wá pa níbí? Lọ bá ẹni tó rán ẹ.”

Àwọn tó dúró síbẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ràbíátù kò sunkún. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

“Ó dáa,” ó wí. “Ẹni tó rán mi á tún rán ẹlòmíràn sí yín.”

Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Àwọn ará àdúgbò ò mọ bí wọn á ṣe máa pè é mọ́. Ìyá Tinú kò ṣe é pè. Wọ́n rọra sọ ọ́ di Ìyá Oníkẹrosíìnì. Ìyàndá nìkan ni kò yí padà. Láràárọ̀, bó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, á ké láti òdìkejì: “Ìyá Tinú, kú iṣẹ́ o!” Á wá bú sẹ́rìn-ín. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, Ràbíátù kórìíra rẹ̀. Bó bá ń rọ kẹrosíìnì, ó ń kórìíra rẹ̀. Bó bá ń kírun, ó ń kórìíra rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ kún títì. Ìrun Alásárì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Òwú já nínú máṣíìnì Onome. Asọ̀rọ̀mágbèsì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ọmọ ọwọ́ kan tó ń ké ní ilé ẹ̀yìn dákẹ́ pẹ̀lú. Ràbíátù fa èémí símú, kò gbọ́ òórùn kẹrosíìnì. Òórùn tó ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń tajà, kò gbọ́ ọ mọ́.

Ó wo òdìkejì.

Obìnrin kan dúró níwájú Ìyàndá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí títì. Aṣọ aró ló ró. Kò wọ bàtà, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní nínú gbogbo ẹrọ̀fọ̀ yẹn.

“Ẹnì kan ló rán mi,” obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, síbẹ̀ Ràbíátù gbọ́ ọ bí ẹni pé etí rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́. “Orí ló ń fọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ń bọ̀ lẹ́yìn ojú. Kí ni kó lò?”

Ìyàndá ká oògùn sí pépà. Ràbíátù ṣẹ́jú. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́, pépà oògùn sì wà lórí káńtà. Asọ̀rọ̀mágbèsì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ níbi tó ti dá a dúró.

“Onome, ta ni obìnrin yẹn?”

“Which woman?” Onome ń wá ojú abẹ́rẹ́. “Ìyá, I no see anybody o. Na this thread dey worry me.”

Lọ́jọ́ kejì Ìyàndá fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di orí pinpin. Ó jókòó, ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ràbíátù wò ó títí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ya òun gan-an lẹ́nu bí inú òun ṣe dùn tó.

Obìnrin náà tún wá. Òwú já, ariwo dákẹ́. Ó ní ẹnì kan ló rán òun, ọwọ́ ọ̀tún ló ń wú u, ó ń ta bí iná, kí ni kó lò? Ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ Ìyàndá wú bí iṣu. Ó tún wá. Ó ní oorun ò kun ẹni náà, bó bá dijú, ó dà bíi pé wọ́n ń da ìyẹ̀fun sí i lójú. Láti ọjọ́ náà ojú Ìyàndá pọ́n, kò sì pa á dé mọ́.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè. Ẹni tí kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Ta ló rán ẹ?”

“Ẹnì kan.”

“Ẹnì kan wo? Sọ orúkọ ẹ̀!”

Ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì ti bẹ̀rẹ̀ orin padà, afẹ́fẹ́ ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé orí rẹ̀ ti ń dàrú.

Oògùn kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé òrùlé. Ràbíátù á máa wò ó. Á mú kápúsù jáde nínú ìgò. Á gbé e dé ẹnu. Á wò ó. Á dá a padà. Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ẹni tó dì í lọ? Nígbà tó yá, ó bẹ Onome kó bá òun ra ojúlówó ní ilé oògùn ńlá kan ní Àpápá, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń rà. Onome lọ, ó rà á bọ̀. Ìyàndá fi eyín ṣí kápúsù kan. Ó tú ohun inú rẹ̀ sí ọwọ́ tó wú. Ó tọ́ ọ wò. Ó kígbe.

“I swear, na my own hand buy am!” Onome ń wí fún Ràbíátù. “Na new tin the chemist man open for my eye. Láfún! Ìyá, na láfún dey inside!”

Ràbíátù ń fi àkísà nu àrọ rẹ̀.

Wọ́n gbé Ìyàndá lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Wọ́n dá a padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ wíwú.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù fún ti ìkẹyìn. Ó ní ẹnì kan ló rán òun. Ó ní, “Ikọ́ ni.”

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràbíátù ń rọ kẹrosíìnì fún oníbàárà kan. Ó gbọ́ ọ láti òdìkejì títì. Méjì kíákíá. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ọ̀kan tó gùn, tó dà bíi pé ó ń bèèrè nǹkan.

Ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Kẹrosíìnì ṣàn lọ sójú títì.

Ikọ́ àgbàlagbà ọkùnrin kọ́ nìyẹn. Ikọ́ ọmọdé ni, nínú àyà ọkùnrin náà. Ìyàndá gan-an fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wò yíká, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wúkọ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kọjá títì wá. Ó ń fa ẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrọ̀fọ̀, níwájú dúrọ́ọ̀mù, pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn.

“Ìyá Tinú, ẹ gbà mí. Mo ṣẹ̀ yín. Láfún ni mo dì, ọwọ́ mi ni mo fi dì í. Ẹ bá mi sọ fún un kó má wá mọ́.”

“Ṣé èmi ni mo rán an?” Ràbíátù wí.

Òwú já. Asọ̀rọ̀mágbèsì dákẹ́. Onome ń lanu sọ̀rọ̀, Ràbíátù kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó gbójú sókè. Obìnrin náà ń kọjá títì bọ̀. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn síbẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń bọ̀, kò kọsẹ̀, kò tẹ ẹrọ̀fọ̀. Ó dúró sẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù. Orí rẹ̀ kò yí.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán mi,” ó wí, “ṣé ó ti tó?”

Ìyàndá bojú mọ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ràbíátù wo orí rẹ̀, níbi tí gèlè ti tú. Àánú ṣe é. Ẹ má rò pé kò ṣe é. Mùsùlùmí ni, ó mọ ohun tí ìdáríjì jẹ́. Ó la ẹnu láti sọ pé ó tó.

Ìyàndá wúkọ́.

Méjì kíákíá. Ó dákẹ́. Ràbíátù dúró de ọ̀kan yòókù, bó ṣe máa ń dúró dè é lóru nígbà tí Tinú sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá.

“Kò tíì tó,” Ràbíátù wí.

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn lọ bó ṣe wá.

Títí di ọdún FESTAC, Ìyàndá kò kú, ara rẹ̀ kò sì yá. Ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé. Lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn tó tì ni wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ sí. Onome kó máṣíìnì rẹ̀ lọ sí Ìjọrà. Ó ní òwú tó ń já yẹn ti sú òun. Àkànó ní kí àwọn náà kó lọ síbòmíràn. Ràbíátù ní rárá. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, àwọn tó ń kọjá máa ń rí i tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ lọ́jọ́sí, sí ibi tí kò sí ènìyàn.

Ó ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ títì. Bí ikọ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, á gbé àrọ sílẹ̀, á ní kí oníbàárà dákẹ́, á sì máa gbọ́ ọ.