Òǹtẹ̀ Tí Gbádé Kò Tẹ̀

"Kí ọdún Àjíǹde tó dé, kò ní sí ilé kan tí wọ́n máa rà tàbí tí wọ́n máa tà ní gbogbo PG County yìí tí ìwé rẹ̀ ò ní gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá! Mo ti wí tèmi!"

Gbádégẹṣin Ọláńrewájú ló ń kígbe báyìí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù Upper Marlboro, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un láti di nọ́tárì, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé tí èèyàn fọwọ́ sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ni. Mùlíkàt, tí wọ́n jọ ṣe kíláàsì, tí wọ́n sì jọ búra, dúró tì í, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Gbádé, rọra," ni Mùlíkàt wí. "Ọjà ilé ti kú. Àwọn báńkì gan-an ń sunkún."

"Ó kú fún ẹni tó ń sùn ní kíláàsì! Èmi, ìwé mọ́gééjì, ìwé owó ilé tí báńkì ń yáni, ni màá máa gbé lọ bá àwọn onílé nínú pálọ̀ wọn. Wọn á fọwọ́ sí i lójú mi, màá tẹ òǹtẹ̀ mi gbàgà, màá gbowó mi, ó parí!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn wọn. Gbádé yíjú padà pẹ̀lú ìbínú, àmọ́ ìbínú náà ò rí ibi jókòó sí. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, báàjì àwọn aráàlú tí ìjọba pè wá gbọ́ ẹjọ́ wà láyà rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí fèrèsé lówùúrọ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Bàbá mi nílé ní Forestville. Mo kàn ń rò ó pé tí wọ́n bá fẹ́ rí yín, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti máa gba ààyè? Iṣẹ́ yín á ti pọ̀ jù."

"Ọ̀dọ̀ yín ni," ni Gbádé dáhùn, ó ti na káàdì sí i.

Ọmọbìnrin náà gbà á. "Káàdì yìí ṣì gbóná."

"Àárọ̀ yìí ni mo tẹ̀ ẹ́."

Bí ó ṣe pàdé Olúfọlákẹ́ Akínlọ́lá nìyẹn, olùkọ́ ìṣirò ní Landover. Kó tó pẹ́, ó ti ń fi oríkì pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Òun náà ń pè é ní Gbádé mi.

Àjíǹde dé. Ìwé ilé kan ṣoṣo ò gba abẹ́ ọwọ́ Gbádé kọjá. Ìfẹ́ nìkan ló rí wọlé.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó rà jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ bí àlejò tó jẹun tán tí kò dìde. Fóònù rẹ̀, ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn nìkan ló ń pè é. Ó wọ ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í.

"Ìwé mélòó lẹ ti ṣe rí?"

"Kò tíì sí, mà."

"Ẹ padà wá tẹ́ ẹ bá ti ṣe àádọ́ta."

"Níbo ni kí n ti rí àádọ́ta ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò bá fún mi ní ọ̀kan?"

Wọn a sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọn a sì ti fèrèsé. Ó lọ dúró sí ibùdókọ̀ ojú irin New Carrollton, ó ń fún àwọn tó ń sáré bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní káàdì. Ọkùnrin kan gbà á, ó dúpẹ́, ó fi etí káàdì náà ta eyín.

Ìlù tó gbóná jù kò tíì dún. Bàbá Fọlákẹ́ kò tíì rí Gbádé rí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ nípa rẹ̀.

"Kí ni Dádì wí?" Gbádé bi í lórí fóònù.

Fọlákẹ́ mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní gbogbo ayé àwọn làwọn fi tẹ òǹtẹ̀ ní pósítọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ fún àwọn lọ́mọ. Wọ́n ní tí oṣù yìí bá fi parí tí o ò ríṣẹ́ tí wọ́n lè fojú rí, kí n yáa gbọ́ ti Adédàmọ́lá, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn."

"Èyí tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ìjọba?"

"Òun ni."

"Ìwọ ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi?"

"Ìwọ ni mo fẹ́. O mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọlé ọkọ láìgba àdúrà Dádì. Ìyẹn náà, o mọ̀."

Ó mọ̀. Oorun kò kùn ún mọ́ látọjọ́ náà.

Oṣù ku díẹ̀ kó parí nígbà tí fóònù dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Obìnrin kan ni, láti ilé iṣẹ́ tó ń pín ìwé mọ́gééjì fún àwọn nọ́tárì.

"Mọ́tò ẹni tá a gbé iṣẹ́ fún kú sójú títì Beltway. Ṣé ẹ lè dé Forestville kí báńkì tó ti ìwé lónìí? Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀yáwó tuntun tí èlé rẹ̀ rẹlẹ̀ rọ́pò gbèsè ilé wọn àtijọ́ ni, òní sì ni èlé yẹn parí."

Gbádé ti ní "bẹ́ẹ̀ ni" kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Ó tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ náà jí, ó ń tẹ ìwé jáde. Gbádé ń jó. Ó mú ojú ewé kìíní, ó wò ó. Ijó dúró.

Akínlọ́lá ló wà lórí rẹ̀.

Ó pe Fọlákẹ́, ó sọ ìwé ẹni tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Wá!" ni Fọlákẹ́ wí. "Gbádé, jọ̀ọ́, wá. Tí ìwé yẹn ò bá wọlé lónìí, èlé ti àtijọ́ máa fò sókè lóṣù tó ń bọ̀, a ò ní lè san án. A lè pàdánù ilé yìí. Mọ́mì ò sùn mọ́. Dádì ò mọ ojú ẹ. Gbádégẹṣin ni wọ́n gbọ́, Joel, orúkọ ìrìbọmi ẹ, ló wà lórí òǹtẹ̀ ẹ. Ṣáà ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí."

"Ojú mi ò mọ irọ́ pa."

"Wọ táì."

"Táì kì í bo ojú, Àbẹ̀kẹ́."

Ó wọ táì.

Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn fún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, tòun ti kóòtù àti táì tó wọ̀. Bàbá Akínlọ́lá, ọkùnrin gàgàrà tí awò ojú rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, pariwo ayọ̀.

"Màmá Fọlákẹ́, ẹ wá wo ẹni tí báńkì rán! Ó dọ̀bálẹ̀! Dìde, ọmọ mi. Kí lorúkọ ẹ?"

"Joel, sà."

"Jókòó, Joel. Jẹ ṣinṣín."

Màmá Fọlákẹ́ wo Gbádé lójú, ó sì yára wo àjà. Ó ti pẹ́ tó ti rí fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Fọlákẹ́ wọlé, ó kí i bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí tábìlì ká.

"Ṣé o rí i, Joel," ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bírò, "aláriwo kan ń lé ọmọ mi yìí kiri. Òun náà lóun ń ṣe nọ́tárì. Gbádé kiní kan. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Gbádé gbé ṣinṣín mì láìrún un. "Mo… mo máa ń rí i, sà."

"Irú èèyàn wo ni?"

Ikọ́ gbé Màmá Fọlákẹ́.

"Ó ń gbìyànjú, sà."

"Ìgbìyànjú ò ra gààrí!" Bàbá fọwọ́ sí ìwé kan, ó fọwọ́ sí òmíràn. "Èmi, ẹni bíi tìẹ ni mo ń wá. Wo bó o ṣe ń la ìwé yìí yé wa. Ṣé o ti níyàwó?"

"Rárá, sà."

"Fọlákẹ́! Gbórí sókè kí Joel rí ẹ dáadáa!"

Fọlákẹ́ fi gìgísẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Gbádé mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó dùn ún dénú eegun, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń fò. Iṣẹ́ dé, àna fẹ́ràn rẹ̀, ilé yóò dúró. Kó ṣáà tẹ òǹtẹ̀ yìí báyìí. Tó bá yá, òun àti Fọlákẹ́ á wá bí wọ́n á ṣe sọ ọ́ pé Joel àti Gbádé, ẹnì kan ni.

Wọ́n dé orí ìwé ilé gan-an. Fọlákẹ́ náà mú bírò.

"Orúkọ òun náà wà lórí ilé," ni Bàbá ṣàlàyé. "Tá a bá ti sùn, òun àti ọkọ rẹ̀ ló ni ín."

Òun àti ọkọ rẹ̀. Gbádé rántí olùkọ́ wọn ní kíláàsì: nọ́tárì kò gbọdọ̀ ní ìpín, òun tàbí ìyàwó rẹ̀, nínú ohun tó ń tẹ òǹtẹ̀ sí. Ó tiraka, ó bi ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ bi wọ́n.

"Ṣé tinútinú yín lẹ fi fọwọ́ sí i?"

"Tinútinú," ni Bàbá wí.

"Tinútinú," ni Màmá wí.

Fọlákẹ́ gbójú sókè, ó wò ó. "Tinútinú mi ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà níwájú pẹpẹ.

Òǹtẹ̀ ti wà lókè. Kò wálẹ̀.

"Sà, mi ò lè tẹ̀ ẹ́." Ó gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni Gbádégẹṣin. Ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́. Mo nípìn-ín nínú ilé yìí tí Ọlọ́run bá gbọ́ àdúrà mi. Òfin ò gbà mí láyè."

Bàbá Akínlọ́lá na ọwọ́, ó fa abọ́ ṣinṣín kúrò níwájú Gbádé, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"O jẹ ṣinṣín mi!"

"Mo jẹ ẹ́, sà."

"O purọ́ fún mi lórí tábìlì mi! Joel!"

"Joel náà lorúkọ mi, sà."

"Gbádé!" Fọlákẹ́ ti bú sẹ́kún. "Ṣé òní lo rí di ẹni mímọ́? Òǹtẹ̀ kan péré! Ilé àwọn òbí mi ń lọ!"

"Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ràn rẹ ju iṣẹ́ yìí lọ. Ilé tí mo fẹ́ bá wọn tan, mi ò lè fi èké wọ̀ ọ́."

"Ta ló fẹ́ bá ọ tan?" Bàbá ké.

Gbádé pe ilé iṣẹ́ tó rán an níṣẹ́. Obìnrin náà ní òun ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kó má pe àwọn mọ́ láyé, òun máa wá ẹlòmíràn bóyá ó lè bọ́ sí i. Màmá Fọlákẹ́ di etí tábìlì mú, ó ń pe Jésù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gbogbo wọn ń wo aago. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bú Gbádé, ó bú u títí dé orí bàbá bàbá rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bọ́ sí ti ìdílé ìyá ni aago ẹnu ọ̀nà dún.

Mùlíkàt ni, tòun ti báàgì rẹ̀; òun ni ilé iṣẹ́ náà rí rán.

"O ti ṣe tètè dé báyìí?" Ẹnu ya Gbádé.

"Inú mọ́tò mi ni mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Iṣẹ́ ò sí. Níbo lo fẹ́ kí n wà?"

Kò jókòó pẹ́. Ó wo káàdì ìdánimọ̀ wọn, ó bi wọ́n ní tinútinú, ó tẹ òǹtẹ̀ gbàgà, gbàgà, gbàgà, ó pe báńkì. Ìwé wọlé nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ìwé gan-an. Màmá Fọlákẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Bàbá Akínlọ́lá ń wo Gbádé, tó ṣì wà lórí eékún nítòsí ilẹ̀kùn.

"Gbogbo ayé mi ni mo fi tẹ òǹtẹ̀," ó wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Mo rí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ síbi tí kò yẹ. Ẹni tí ebi ń pa, tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyàwó wà níwájú rẹ̀, tó gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀ nítorí òfin, mi ò rí i rí." Ó fa abọ́ ṣinṣín padà, díẹ̀díẹ̀, sí àyè tí Gbádé jókòó sí tẹ́lẹ̀. "Dìde. Wá jẹun. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá rí wa."

Gbádé dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò fẹ́ dìde mọ́. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ tì í.

"Gbádé mi, dárí jì mí."

"Àbẹ̀kẹ́ mi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀."

Màmá ń wúre, Bàbá ń nu awò ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí. "Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òfin tó báyìí," ni Bàbá wí pẹ̀lú omijé, "á bọ̀wọ̀ fún ọmọ mi."

Mùlíkàt fa síìpù báàgì rẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ṣinṣín kan.

"Òfin wo?" ó ní. "Ìyàwó ni wọ́n ní ká má tẹ òǹtẹ̀ fún ní kíláàsì wa. Ẹni tó ń wá ìyàwó ò sí ńbẹ̀."