Páálí Móchì Láti Sendai

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Ìwọ tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, gbé e sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tìẹ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rẹ́ wà, ọ̀rẹ́ sì wà. Ritsuko, ọ̀rẹ́ Wakana, ẹ̀fọ́rí tó ní ẹsẹ̀ méjì ni.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè kan nínú oṣù kejì, yìnyín bo gbogbo ìlú Hachinohe bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Wakana dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ọkọ̀ Sendai ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó gbéra, Ritsuko ò tíì yọjú.

Ilé lẹ́sìnnì ni ìyá Wakana rò pé ó wà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánrawò fún ìdánwò. Ìyá yìí, tó ń la ẹja nílé iṣẹ́ láti ìdájí, ti bá a ṣe àdéhùn: "Ṣe ìdánrawò yẹn, màá fọwọ́ sí ìwé kí o lè bá ẹgbẹ́ eléré ilé ìwé yín ṣeré. Bí o ò bá ṣe é, kò sí eré." Wakana ò fẹ́ nǹkan kan láyé tó kó dúró lórí ìtàgé. Àmọ́ eré ńlá kan ń lọ ní Sendai, òní ni wọ́n máa ṣe é kẹ́yìn. Ritsuko ló ní, "Ìdánrawò pọ̀ bí ẹja létíkun. Eré yìí, bó bá lọ, ó lọ nìyẹn."

Ọmọ ọ̀hún wá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun, àpò ọsàn lọ́wọ́.

"Ritsuko, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni mò ń wá. Ṣé ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé ni màá wọ̀ lọ wo eré ni?"

Wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń pa dé. Wọ́n dé Sendai, Ritsuko ní àfi kí òun jẹ ahọ́n màlúù sísun.

"Eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ebi ò mọ eré."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé gbọ̀ngàn, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ìta ni wọ́n dúró sí títí ìdajì eré fi parí. Wakana ń wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tí eku jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, àbọ̀ tó kù dùn débi pé ó gbàgbé pé inú ń bí òun.

Wọ́n ń padà bọ̀, Ritsuko gbé páálí kan tó kún fún móchì, àkàrà ìrẹsì aládùn, ní ìsọ̀ inú ibùdókọ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ṣé èèyàn máa ń ti Sendai dé lọ́wọ́ òfo ni? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"A ò wá sí Sendai, Ritsuko. Ilé lẹ́sìnnì la wà. Dá a padà."

Ritsuko ṣu ẹnu pọ̀, ó dá a padà. Wakana ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ló gbà lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ mú nǹkan bọ̀. Ẹnu lè parọ́, ọwọ́ òfo ò gbà. Ó ra páálí kan, ó ya bébà tó ní orúkọ Sendai kúrò lára rẹ̀, ó tì í sínú báàgì.

Nílé, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀. "Màámi, Ìyá Ritsuko ní kí n fún yín. Àbúrò wọn ló ti ìrìn àjò dé."

Ìyá bù ú jẹ. Ẹ̀wà tútù tí wọ́n lọ̀ lé e lórí, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Sendai, ń dán bí ewé. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa fóònù. Wakana ti gbàgbé pé ìyá òun kì í jẹ nǹkan ará ilé ibòmíì kó má dúpẹ́.

"Ẹ ṣeun o, Ìyá Ritsuko, móchì yín ti dé ọwọ́ wa." Ó ń tẹríba fún fóònù. Ó wá gbórí sókè. "Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Móchì wo? Àbúrò mi wo? Èmi ò ní àbúrò, Ìyá Ritsuko." Ritsuko náà ti yọ́ ra páálí tiẹ̀, irọ́ kan náà ló sì lọ pa nílé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Wakana ò pé ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Sendai ńkọ́?"

Wakana jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ká ní o sọ pé eré lo fẹ́ lọ wò, ṣé ọ̀bẹ ni mo máa yọ sí ọ? Ìdánrawò kọ́ ló dùn mí. Ojú mi báyìí lo wò, o parọ́." Ó ká ìwé ẹgbẹ́ eléré, ó tì í sínú àpótí. "Kò sí eré lọ́dún yìí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. "Rárá" kì í pa èèyàn. Irọ́ ló ń gba ohun tí èèyàn fẹ́ràn jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, tìyá tọmọ lọ bẹ ọ̀gá lẹ́sìnnì, wọ́n tẹríba títí iwájú orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

Ọ̀gá họrí: "Ìdánrawò wo, mà? Yìnyín dí ọ̀nà mọ́ ìwé ìdánwò lánàá, a ò ṣe nǹkan kan."