Bàbá Kò Fẹ́ Awakọ̀

Ọkùnrin náà fi eyín di bàtà rẹ̀ mú, ó pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn, omi òjò sì mù ún dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń ṣírò àkọsílẹ̀ nílé ìwòsàn ṣe kọ́kọ́ rí i láti ojú fèrèsé. Awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn ni. Ọmọbìnrin náà yá a ní táwẹ̀lì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni awakọ̀ ò fi dá a padà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá tọrọ àforíjì.

Nígbà tọ́rọ̀ di ti ìgbéyàwó, bàbá ọmọ fárígá. Ogún ọdún ló fi jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù tí wọ́n ti ń tú tọkọtaya ká.

“Ọmọ mi, ilé awakọ̀ kì í pẹ́ tú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń kọ orúkọ wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọbìnrin náà wọra. Àmọ́ ó rò ó wò: ta ni yóò wá sí kóòtù wá sọ pé ilé òun tòrò?

“Màá ka ilé tó tú àti èyí tó dúró,” ló wí fún awakọ̀.

“Akọ̀wé mi àtàtà, bó bá wá gbè sẹ́yìn bàbá ńkọ́?”

“A ó jọ mọ̀ ọ́n, olólùfẹ́ mi.”

Awakọ̀ náà ló gbé e kiri. Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó ti gbéyàwó ládùúgbò ni wọ́n bi léèrè. Ọmọbìnrin náà wá fa ìlà sínú ìwé: awakọ̀ lókè, àwọn yòókù nísàlẹ̀, ilé tó dúró lápá kan, ilé tó tú lápá kejì. Àwọn méjèèjì wá gbé e lọ bá bàbá.

“Bàbá mi, ẹ wò ó. Nínú ọgbọ̀n awakọ̀, ilé mẹ́fà tú. Nínú àádọ́rin tí kì í ṣe awakọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tú.”

Inú awakọ̀ dùn. “Ẹ ò rí i pé àwa la sàn jù?”

“Rọra o. Àwọn ló pọ̀ jù yín lọ. Iye tó tú nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, iye èèyàn tó wà nínú ìlà yẹn la ó fi wé. Lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan nínú márùn-ún. Lọ́dọ̀ wọn, ó fi díẹ̀ ju ọ̀kan nínú márùn-ún lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò tó nǹkan.”

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ìwé náà wò. “Àṣé àwọn tílé wọn tú nìkan ni mo ń kà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ò lè sọ irú èèyàn tí eléyìí jẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wò ó fúnra yín.”

Bàbá yíjú sí awakọ̀. “Ọmọ mi mọ̀ pé iye yìí lè ta kò yín, ó ṣì kà á. Ṣé o lè bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbé?”

“Títí ọjọ́ ayé mi, bàbá.”

“Ó dáa. Lọ pe àwọn òbí rẹ wá.”

Ọmọbìnrin náà fi ìwé bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín.