Oṣù Tó Lé Sínú Omi

Omi òkun kún ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ka òpó tí wọ́n fi ń díwọ̀n omi ní èbúté, mo sì mọ̀ pé ìgbà tí oṣù tuntun bá lé ni omi máa ń gun àmì pupa. Lọ́jọ́ yẹn, oṣù kò tíì lé, omi ti bo àmì náà mọ́lẹ̀. Àwọn akàn ń sá gun ògiri ọ́fíìsì wa. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Bí mo ṣe délé nírọ̀lẹ́, bàbá mi ní kí n mú òun gun orí òrùlé. Òun ló ń bá mọ́sáláṣí wa wo oṣù ààwẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Sánmà mọ́ kedere. Mo wo ìwọ̀-oòrùn títí, n kò rí nǹkan kan.

"Ó ti lé," bàbá mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Níbo, Bàbá?"

Inú dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló nawọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Oṣù tuntun wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo gbójú sókè, òfìfo. Mo wolẹ̀, ó wà níbẹ̀. Omi ń mì, òun ò mì.

A lọ bá lèmọ́mù. Kò jẹ́ kí a wọlé.

"Ẹlẹ́rìí méjì la nílò, Bàbá," ló wí. Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o rí i?"

Gbogbo àdúgbò ló máa gbààwẹ̀ tàbí jẹun nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. "Inú omi ni mo ti rí i, sà. N kò rí i lójú sánmà."

"A jẹ́ pé o ò rí i nìyẹn." Ó tilẹ̀kùn kíákíá.

Bàbá mi nìkan ló gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kan ló fi ṣáájú wa títí oṣù fi ń lọ sópin. Ní èbúté, oṣù tirẹ̀ ni omi ń tẹ̀ lé, kì í ṣe tiwa. Ọ̀gá mi wo ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n omi sí, ó ní, "Ṣé ebi ààwẹ̀ ló ń kọ̀wé fún ọ ni?" N kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ààwẹ̀ rẹ̀ pé ọgbọ̀n, bàbá mi mu omi nírọ̀lẹ́, ó ní, "Mo ti parí tèmi." Ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Kí n tó bu oúnjẹ tán, ó ti lọ.

Lèmọ́mù ló wá wẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà, ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé.

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Èmi náà rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú kẹ́tùlù àlùwàlá mi. Mo da omi náà nù, mo bu òmíràn. Ó tún wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, sà?"

"Ẹ̀rù bà mí."

Mo bi í pé ìgbà wo ni oṣù náà wá kúrò níbẹ̀.

Ó kàn fọwọ́ bo ẹnu kẹ́tùlù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì rọra fà á sẹ́yìn, kí n má baà rí inú rẹ̀.