Owó Opó Nínú Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Lọ́dún 1988, nígbà tí owó sìmẹ́ǹtì ń fò sókè lóṣooṣù, Akínpẹ̀lú tó ń ta abọ́ tánganran ní Ọjà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́, pinnu pé òun yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kì í ṣe pé ilé há mọ́ ọn. Mùnírù tí wọ́n jọ ń tajà ló ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà, ọkàn Akínpẹ̀lú kò sì gbà kí ẹgbẹ́ òun ta òun yọ.

Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin, Rúùtù, opó ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń gbé nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti kó owó tí ìjọba san lórí ọkọ rẹ̀ tó kú fún Akínpẹ̀lú, pé kó bá òun kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé náà. Akínpẹ̀lú kó gbogbo rẹ̀ sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí Rúùtù bá béèrè, yóò ní, "A ti dé ojú fèrèsé. Má tíì wá wò ó, ó dìgbà tí a bá kan páànù."

Àlàmú, bíríkìlà rẹ̀, kìlọ̀ fún un. "Ọ̀gá, ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ la gbẹ́ yìí. Kò lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Ṣe iṣẹ́ tí mo gbé fún ọ."

Níbi tó yẹ kí wọ́n lo àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, ó ní kí wọ́n lo méjì. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n da kọnkéré òkè, ó ní kí wọ́n yọ àwọn igi tó gbé e dúró, nítorí pé ó háyà wọn ni, owó wọn sì ń gun orí ara wọn.

Abẹ́ kọnkéré náà ni Àlàmú wà nígbà tó wó.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rún, ẹ̀jẹ̀ sì ti lọ púpọ̀ lára rẹ̀. Akínpẹ̀lú jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù. Ìyàwó Àlàmú jókòó sí òdìkejì. Kò bú u, ó ṣáà ń wò ó. Bí ọkùnrin yìí bá kú, èmi ni mo pa á, ni Akínpẹ̀lú ń rò. Ó rò ó láti sá, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ènìyàn ń sá gbà kúrò lójú Ọlọ́run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Rúùtù gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá fún un. Ó ti gbọ́ pé ilé wó. Ó rọra béèrè pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ó kan yàrá tiwa? Onílé wa ti ní ká jáde lópin oṣù."

Irọ́ ti ṣetán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìyàwó Àlàmú, irọ́ náà kò sì jáde.

"Rúùtù, kò sí yàrá kankan. Búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo n kò tò fún ọ. Owó rẹ ló wà nínú ohun tó wó lu Àlàmú."

Rúùtù gbé abọ́ sílẹ̀, ó sunkún títí. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀. "Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹ ó san owó yẹn, nítorí owó ọmọ aláìníbaba ni. Ṣùgbọ́n gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lọ́rùn yín, bí ẹ ta gbogbo Akẹ̀sán, ẹ kò lè san án. Jésù ló san án lórí igi àgbélébùú. Òun ni kí ẹ ké pè."

Akínpẹ̀lú kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. "Olúwa, olè ni mí. Jésù, gbà mí." Kò mọ àdúrà mìíràn. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó Àlàmú. Obìnrin náà yíjú kúrò.

Àlàmú kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Akínpẹ̀lú ta ilẹ̀ náà, ó ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì kọ́ yàrá méjì fún Rúùtù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lóṣooṣù ló ń gbé owó oúnjẹ lọ sílé Àlàmú. Inú yàrá kan tó háyà ló ń gbé títí dòní, àwọn kan sì ń fi í rẹ́rìn-ín lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ohun tí kò rí rí nígbà tó ń kọ́lé.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ilé tìrẹ dúró, kò tilẹ̀ sán. Ṣé o lè sọ fún Ọlọ́run ibi tí owó rẹ̀ ti wá? Ta ló ń sunkún nítorí ohun tí o fi ń yangàn? Má sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn, nítorí kò sẹ́ni tó fi ọ̀la dá ọ lójú. Níbi tí o jókòó sí yìí, jẹ́wọ́ ohun tí o ṣe, kí o sì pe Jésù. Yóò dá ọ lóhùn lónìí.